Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ìgbẹ́: Ẹ Yé Pe Gbogbo Ẹ̀ Ní Jẹ̀díjẹ̀dí

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, àgbẹ̀ kòkó, ẹni ọdún 52, oṣù 14 gbáko ni wọ́n fi ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, àgbo jẹ̀dí ni wọ́n sì ń mu sí i. Lọ́jọ́ tí mo yà kí wọn, ìgò àgbo mẹ́rin ló wà lójú fèrèsé, wọ́n sì ti fi ìṣó lu ihò tuntun méjì sára bẹ́líìtì wọn torí ṣòkòtò ò dúró mọ́. "Jẹ̀dí ni jàre." Kánsà ìfun ńlá ni, ó ti dé ẹ̀dọ̀ ká tó mọ̀.

Lóòótọ́ jẹ̀díjẹ̀dí wà, òun ló tiẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ojú lásán ò lè dá a mọ̀, alágbo náà ò lè dá a mọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ lọ sí ọsibítù. Tí ìgbẹ́ bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ 3, ó ń há tàbí ó ń ṣàn tàbí ó di tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí ẹ kàn ń rù tó ń rẹ̀ yín, ẹ lọ. Tí wọ́n bá kàn kọ oògùn fún yín láì yẹ ihò ìdí wò, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹni tí nǹkankan ò ṣe náà, tó bá ti pé ọdún 45, kó ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní FIT lọ́dọọdún, tàbí colonoscopy (kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń gba ihò ìdí tì wọ inú ìfun láti wò ó) lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 10 tí wọn ò bá rí nǹkankan. Tí òbí tàbí ọmọ ìyá bá ti ní kánsà yìí, ẹ yọ 10 kúrò nínú ọjọ́ orí tí wọ́n fi rí i lára ẹ̀, ẹ fi wé 40, èyí tó bá kéré lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ bàbá yẹn, 40 ni tiwọn.

Fún FIT, inú póò gbígbẹ ni kí ẹ ṣu sí, kí ìtọ̀ má kàn án, igi inú ìgò àyẹ̀wò tí wọ́n fún yín lẹ máa fi mú díẹ̀. Tí àyẹ̀wò náà bá fi ẹ̀jẹ̀ hàn, ẹ má lọ tún FIT ṣe, colonoscopy ló kàn. Ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀, omi àti tíì tí kò ní mílíìkì nìkan, kò sóúnjẹ, kò sí zobo, torí àwọ̀ pupa ẹ̀ máa jọ ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá rí kókó kékeré nínú ìfun, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gé e, bẹ́ ẹ ṣe ń já kòkó tó ń dúdú kó tó ran ìyókù. Ó máa ń tó nǹkan bí ọdún 10 kó tó di kánsà, àyè pọ̀ níbẹ̀ o!

Ẹran màlúù, ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀, kó má ju 500 gíráàmù lọ lọ́sẹ̀, ẹran agolo àti sọ́séèjì kó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹ̀wà lẹ ń gbìn, ẹ tà á tán, gààrí lásán ló kù sílé fáwọn ọmọ, ìyẹn ò dáa. Ẹ fi sìgá sílẹ̀. Ọtí náà ń dá kún kánsà yìí, àgbo jẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, ọtí ni.

Tẹ́ ẹ bá ti mu àgbo, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà, ẹ gbé ìgò ẹ̀ dání.