Kí ẹ tó dẹ pàkúté ní Texas, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹran tí ẹ fẹ́ mú

Ọdẹ ni bàbá mi n'Ísẹ́yìn. Ọ̀yà ni o, òkété ni o, ohun tó bá ti kó sí pàkúté, ọbẹ̀ ni. Irú ojú yẹn ni mo gbé dé Rosharon, létí Houston, nígbà tí mo ra éékà ilẹ̀ mẹ́ta, tí mo sì gbin ọ̀dùnkún àti àgbàdo sí i. Òru ọjọ́ kan péré ni ẹlẹ́dẹ̀ igbó fi tú ebè mẹ́rìnlá. Ẹ ó rò pé katakata ló gba ibẹ̀ kọjá. Ìbínú yẹn ni mo bá lọ ra láìsẹ́ǹsì adẹpàkúté, láì mọ̀ pé n kò nílò rẹ̀ rárá.

Ẹlẹ́dẹ̀ igbó yìí jọ ìmàdò, àmọ́ àtọmọdọ́mọ ẹlẹ́dẹ̀ ilé tó sá wọgbó ló pọ̀ nínú wọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2019, onílẹ̀, tàbí ẹni tí onílẹ̀ bá yọ̀ǹda fún, kò nílò láìsẹ́ǹsì láti mú un lórí ilẹ̀ aládàáni. Ẹ rẹ àgbàdo sómi bí ẹni fẹ́ ṣe ògì, kí ó kan dáadáa, kí òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Ẹ dà á sínú àgò, kí ẹ sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà tí gbogbo agbo bá ti ń wọlé láì bẹ̀rù ni kí ẹ tó dẹ ẹ́. Ẹni tó bá kánjú á mú ọ̀kan, àwọn yòókù á sì gbọ́n. Tí ẹ bá ń kun ẹran náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí brucellosis, àrùn tó lè ti ara ẹran náà ran èèyàn.

Ibi tí òfin ti le ni gbígbé e láàyè. Abo kan kó sí àgò mi pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà, ni ẹ̀gbọ́n kan bá ní ká gbé wọn lọ sí oko òun, òun á máa sìn wọ́n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé èmi náà ni?" Ẹ kò lè kàn gbé e lọ tú sí ilẹ̀ míì. Ilé ìpẹran tàbí ibi tí Texas Animal Health Commission (àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìlera ẹran) bá fọwọ́ sí ni ẹ lè gbé e lọ.

Raccoon, opossum, skunk àti beaver (àwọn ẹranko onírun ilẹ̀ Amẹ́ríkà), àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ní òfin tiwọn, torí awọ wọn tó ń pawó. Bí wọ́n bá ń ba oko yín jẹ́, ẹ lè mú wọn lórí ilẹ̀ yín láìsí láìsẹ́ǹsì, àmọ́ ẹ kò gbọdọ̀ tọ́jú ẹran náà tàbí awọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta awọ ló nílò láìsẹ́ǹsì adẹpàkúté. Dọ́là 19 ni mo san, torí mo ti gbé Texas ju oṣù mẹ́fà lọ. Dọ́là 315 ni ti àlejò. Àbúrò mi tó wá kí mi láti Maryland gbọ́ iye yẹn, ó ní kí raccoon máa jẹ àgbàdo rẹ̀ lọ. Ẹ má sì gbé raccoon tàbí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ láàyè sínú ọkọ̀: láti 1995 ni wọ́n ti fòfin dè é nítorí àrùn dìgbòlugi.

Wákàtí 36 kò gbọdọ̀ kọjá kí ẹ tó lọ wo pàkúté. Èmi máa ń dé ibẹ̀ láàárọ̀ kí n tó wọṣẹ́. Ẹ má dẹ ẹ́ sí itòsí ilé ẹ̀kọ́, ó kéré tán yáàdì 400 sí i. Bí àgbọ̀nrín bá ṣèèṣì wọ àgò, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un, kó máa lọ.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì Texas Parks and Wildlife, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ẹran igbó, ni mo ti ra láìsẹ́ǹsì tèmi (wọ́n fi dọ́là 5 kún un), àmọ́ ẹ lè rà á ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun èlò ọdẹ. Ẹ mú láìsẹ́ǹsì ìwakọ̀ àti nọ́ńbà Social Security yín dání. Àárín oṣù Keje ni mo ra tèmi. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ni láìsẹ́ǹsì yìí máa ń kú, ìgbàkúùgbà tí ẹ bá rà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni dọ́là 19 mi lò.