Kí ẹ tó san owó ilẹ̀ létí òkun

Lóṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí láti Adó. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ bá mi yọ̀ o, mo ti rí ilẹ̀ kan l'Ékòó. Téèyàn bá ṣí fèrèsé ẹ̀yìn, òkun ló máa rí." Mo bi í pé níbo ni òkun ọ̀hún wà lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ó dákẹ́. Ó ní òun ò mọ̀ pé òkun máa ń rìn. Ohun tí mo ṣe jókòó kọ èyí nìyẹn.

Ọmọ Ìgèdè-Èkìtì ni mí, bíríkìlà sì ni mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi mọlé l'Ékòó, apá Lekki ni mo ti ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Èkìtì ò ní òkun, òkè la ní. Màmá mi ò rí òkun rí títí tó fi kú, ó ní omi tí wọn ò lè fi se iṣu uyán, kí lèèyàn fẹ́ fi í ṣe? Ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì tọ́wọ́ rẹ̀ bá dẹ díẹ̀ báyìí, etí omi ló ń fẹ́ kọ́lé sí.

Ohun àkọ́kọ́: ẹ má bá ajẹ́ńtì lọ wo ilẹ̀. Ọjọ́ tí omi bá fà lọ ni yóò mú yín lọ. Ẹ dá lọ, kẹ́ ẹ sì lọ lọ́jọ́ tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí lọ́jọ́ àrànmọ́jú, nítorí ìgbà yẹn lomi máa ń kún jù. Tó bá lè bọ́ sí oṣù Júláì tàbí Ògọ́ọ̀sì, ó tún dára jù, ìgbì tó ti apá gúúsù òkun ńlá wá máa ń le lásìkò náà. L'Ékòó, kíkún omi àti fífà rẹ̀ kò ju bíi mítà kan lọ. Mítà kan yẹn kọ́ ló ń wó ilé. Ìgbì tó gun orí rẹ̀ wá ni.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹsẹ̀ àgbọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti hàn síta, tó ń ṣe jánrajànra bí okùn tó tú, omi ti ń jẹ ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo yanrìn náà: ṣé ó rọra ń dà gẹ̀rẹ̀ wọnú omi, àbí ó gé ṣánṣán bí ìgbà téèyàn fọwọ́ gé ẹ̀bà? Èyí tó gé ṣánṣán kò dára. Ẹ tọ́ omi kànga àdúgbò wò, bó bá ń mú iyọ̀ wá. Ẹ bi apẹja àgbàlagbà kan pé níbo ni wọ́n ń sá ẹja sí nígbà tó wà lọ́mọdé. Bó bá na ọwọ́ sínú omi, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Bó sì jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ilé lẹ rí tó wà láàárín ìgbì, ẹ ò tiẹ̀ ní bi ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹni tí kò bá kánjú, kó mú téèpù dání. Kó wọn ilẹ̀ láti ara ògiri tí kò lè ṣípò dé ibi tí yanrìn ti gé, kó fi ọ̀dà kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ sí ara ògiri náà. Júláì ni kẹ́ ẹ fi wé Júláì o. Etí òkun máa ń rù lásìkò òjò, á sì tún sanra lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó wọ̀n ọ́n ní Júláì, tó tún lọ wọ̀n ọ́n ní Jánúárì, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Kí ló ń jẹ ẹ́? Yanrìn ló ń rìn. Ní etí òkun wa, láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn ni ìgbì ń ti yanrìn lọ, tọ̀sán tòru. Ohun tó bá dá a dúró níbì kan, ibi tó kàn ni ebi yóò pa. Láàárín 1908 sí 1912, wọ́n to òkúta wọnú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó kí ọkọ̀ ojú omi lè ráyè wọlé. Yanrìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí apá ìwọ̀ oòrùn òkúta yẹn, Bar Beach, etí òkun Victoria Island tó wà ní apá kejì, sì ń rù. Lẹ́yìn náà, ìjọba ò yé da yanrìn síbẹ̀, òkun ò yé kó o, títí omi fi ń gorí títì Ahmadu Bello Way. Wọ́n wá mọ odi ńlá Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi yanrìn dá sórí omi níbẹ̀. Ibẹ̀ ti gbẹ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ lọ bi àwọn ará Òkun Alfà ní ìlà oòrùn rẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pariwo pé ọ̀dọ̀ àwọn ni omi ń bọ̀.

Èmi náà ti dá irú ẹ̀ rí, kékeré ni tèmi. Oníbàárà mi kan ní kí n bá òun fi àpò ìrẹsì tí a rọ yanrìn kún mọ odi síwájú ilé òun. A to igba àpò. Ibo la ti gbẹ́ yanrìn? Iwájú ilé kan náà! Ṣọ́bìrì ni, hẹ́dípáànù ni, gbogbo wa ń kọrin. Kòtò tá a gbẹ́ lomi gbà wọlé. Lóru ọjọ́ kan ní Ògọ́ọ̀sì, ìgbì jẹ ẹsẹ̀ odi náà, àpò ń bẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí àkàrà tó ya, ibi tí odi wa parí sí lomi sì ṣẹ́rí gbà, ó wó ọgbà aládùúgbò wa ní ìlà oòrùn. Mo bá wọn tún ọgbà náà mọ, mi ò gbowó iṣẹ́. Ojú ń tì mí.

Nítorí náà, ẹ má gbẹ́ yanrìn etí òkun, ì báà ṣe hẹ́dípáànù kan. Kò tiẹ̀ wúlò fún ilé: iyọ̀ inú rẹ̀ á mú kí irin dípẹtà, ògiri tẹ́ ẹ bá sì fi rẹ́ á máa hu nǹkan funfun bí ẹfun. Ẹ jìnnà sí omi bí ilẹ̀ yín bá ti lè gùn tó, iwájú ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní òfìfo. Koríko kan wà tó ń fà lórí yanrìn, tí òdòdó rẹ̀ rí bíi ti ọ̀dùnkún, àwọ̀ elésè àlùkò. Àwọn tó ń ro etí òkun kó lè mọ́ fún fọ́tò ló máa ń kọ́kọ́ hú u. Òun gan-an ló ń di yanrìn mú, ó ju èyí tí àgbọn ń ṣe lọ. Bó bá ti kú tán, ẹ gé imọ̀ àgbọn, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ìlà kan tó dábùú afẹ́fẹ́, kó ga dé orúnkún, kẹ́ ẹ fi àlàfo díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn. Afẹ́fẹ́ á gbé yanrìn wá, yanrìn á jókòó sẹ́yìn imọ̀. Nígbà tó bá bò ó mọ́lẹ̀, ẹ ri òmíràn lé e lórí, kẹ́ ẹ wá gbin koríko yẹn.

Ti òkúta títò, iṣẹ́ ìjọba ni. Ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ dá a ṣe, ẹ ti gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ etí òkun oníyanrìn kò sì jọ ti ẹlẹ́rẹ̀. Etí òkun Ìlàjẹ tí Ayétòrò wà, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Àpọ́sítélì tẹ̀dó lọ́dún 1947, ẹrẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, ìmọ̀ mi lórí yanrìn ò dé ọ̀hún. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé àwa tá a wà lókè ò mọwọ́mẹsẹ̀. Odò Ọ̀ṣun tó gba Òṣogbo kọjá, ọ̀dọ̀ wa ní Ìgèdè níbí ló ti ṣẹ̀, inú ọ̀sà ní apá Lekki ló sì ń já sí. Odò ló ń kó yanrìn lọ fún òkun. Bí típà bá ń gbẹ́ ẹ lójoojúmọ́ kó tó délẹ̀, kí lòkun fẹ́ fi tún etí ara rẹ̀ ṣe? Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nìkan ni kì í ṣe aláìdé òkun.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ lọ́jọ́ àrànmọ́jú, òun nìkan. Ó fi fọ́tò òpó ààlà ilẹ̀ náà ránṣẹ́ sí mi: ìfófòó omi yí i ká, bàtà ẹsẹ̀ kan sì há sí i lára. Mo ní kí ni ajẹ́ńtì wí. Ó ní wọ́n ti dín owó.