Bí Ẹ Ṣe Máa Jí Mọ́tò Àtijọ́ Tó Ti Dúró Lójú Kan Fún Ọdún Pípẹ́

Ẹ má tíì so bátìrì mọ́ ọn o. Mo mọ̀ pé tá a bá ṣí gáráàjì tá a wá rí Peugeot 504 tàbí Ìjàpá Volkswagen tó ti ń jẹ eruku láti ọdún gbọọrọ, ohun tó máa ń wu gbogbo wa ni ká gbọ́ ohùn ẹ̀ ní kíá, ká ṣáà yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ká wò ó. Kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an ló ń pa ẹ́ńjìnì tí ò ní àrùn kankan lára, torí ọ́ìlì ti sàn kúrò lára pístìn àti bíárìn, irin gbígbẹ lẹ fẹ́ kó máa ha ara wọn yẹn, tí rìngì bá sì ti lẹ̀ mọ́ ara sìlíńdà, ó lè kán síbẹ̀. Ẹ ṣe sùúrù.

Kí sípánà tó jáde rárá, ẹ wá ẹni tó ń wà á tẹ́lẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ bàbá yín, ó lè jẹ́ ìyá, ẹ̀gbọ́n, tàbí dírẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ bi wọ́n ní tààràtà: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣe é tẹ́ ẹ fi páàkì ẹ̀?” Ìdáhùn yẹn nìkan lè dín iṣẹ́ yín kù gan-an, torí ọkọ̀ tí wọ́n páàkì nítorí pé ó ń gbóná yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí wọ́n páàkì torí owó táyà ò sí lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sídìí sítíárìn, kẹ́ ẹ kàn máa wo ọwọ́ wọn. Ọwọ́ yẹn á lọ bá ṣóòkù fúnra ẹ̀ (ìyẹn ọwọ́ tí wọ́n ń fà kí epo lè pọ̀ sí i nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù), wọ́n á fi hàn yín ibi tí wọ́n máa ń fà á dé láàárọ̀ kùtù, iye ìgbà tí wọ́n máa ń tẹná kí wọ́n tó sítáàtì, bí wọ́n ṣe máa ń na apá jáde lójú wíńdò kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé wọ́n fẹ́ yà.

Ẹni tó wa Ìjàpá ayé àtijọ́ á sọ nǹkan fún yín tí ẹ ò lè fojú wò mọ̀. Títí di nǹkan bí 1961, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní gééjì epo. Ńṣe lọkọ̀ á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lójú títì, dírẹ́bà á wá fẹsẹ̀ ti ọwọ́ kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ níwájú, ìyókù epo tó wà nísàlẹ̀ táǹkì, bíi lítà 5, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ìyẹn lẹ ó fi wá ilé epo dé. Tẹ́nì kan bá wá gbàgbé tí ò dá ọwọ́ yẹn padà lẹ́yìn tó rọ epo tán, tí ọkọ̀ bá tún wúkọ́, kò ní sí ìyókù epo kankan mọ́, ẹ ó wá máa fọwọ́ tì í ni. Ẹ ká ohùn wọn sórí fóònù bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, torí kò sí ìwé tí ẹ ó ti rí púpọ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyẹn.

Ó yá, iṣẹ́ ti dé. Ẹ gbé e sókè, ṣùgbọ́n jáàkì nìkan ò tó láti wọ abẹ́ mọ́tò o, ẹ fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó nípọn gbé e dúró. Ẹ fi ìdí sìkírúdíráfà máa gbá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, pátákó ẹsẹ̀ àti ibi tí sípíríǹgì fara tì. Irin tó ṣì dáa á dún gan-an, èyí tó ti dógùn-ún á dún bọ̀ọ̀, nígbà míì sìkírúdíráfà á wọlé lọ. Tó bá jẹ́ ibi tí sípíríǹgì fara tì lẹ ti rí i, kó tó di pé ẹ ná kọ́bọ̀ kan sórí ẹ́ńjìnì, ẹ pe wẹ́dà kẹ́ ẹ gbọ́ iye tó máa gbà. Ẹ yẹ ilé fílítà afẹ́fẹ́ wò pẹ̀lú àti ẹnu sàléńsà, eku fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, wọ́n á kó fóòmù ìjókòó jọ síbẹ̀, wọ́n á sì jẹ wáyà. Gbogbo ohun tí ẹ bá tú, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ kọ orúkọ sí i lára, ẹ má sì ju èyí tó ti bàjẹ́ nù, torí òun lẹ ó fi wé tuntun.

Ẹ́ńjìnì ló kàn. Ẹ tú plọ́ọ̀gì gbogbo jáde, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sílẹ̀ dilẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì ẹ fi sípánà sí nọ́ọ̀tì tó wà lójú púlì bẹ́líìtì, ẹ rọra fọwọ́ yí i síbi tí ẹ́ńjìnì ń yí sí. Tó bá lọ, ẹ dúpẹ́. Tí ò bá lọ, ẹ má bá a jà, ẹ po ọ́ìlì jíà ọtọmátíìkì mọ́ asitóònù ní ìlàjì-ìlàjì, ẹ dà á sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ fún un ní ọjọ́ mélòó kan (ẹ jìnnà sí iná, asitóònù ń gbiná ní wàràwàrà). Ọ́ìlì àtijọ́ tó wà nínú ẹ́ńjìnì, ẹ tú u dànù kẹ́ ẹ wo àwọ̀ ẹ̀ dáadáa. Tó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ inú ẹ̀. Tó bá ń rùn epo bẹntiróòlù, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà inú pọ́ńbù epo ti ya kó sì máa da epo sínú ọ́ìlì, ìyẹn sì máa jẹ bíárìn tẹ́ ẹ bá sítáàtì ẹ̀ báyẹn. Ìjàpá ò ní fílítà ọ́ìlì gidi, asẹ́ wáyà lásán ló ní nísàlẹ̀, lítà 2.5 péré ló sì ń gbà, ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ léraléra. Tẹ́ ẹ bá ti rọ tuntun tán, plọ́ọ̀gì ṣì wà níta, ẹ yọ wáyà kọ́ìlì, ìgbà yẹn lẹ tó máa so bátìrì, kẹ́ ẹ fi sítátà yí i títí iná ọ́ìlì tó wà níwájú dírẹ́bà á fi kú.

Lórí bátìrì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á kẹ́ ẹ tó so ó. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó ṣáájú 1967 ni wọ́n ń lo fóòtì 6, kì í ṣe 12. Ọ̀pọ̀ mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1950 sí 1960 náà, pósítíìfù ni wọ́n dè mọ́ bọ́dì, tó yàtọ̀ sí bá a ṣe ń ṣe é lónìí. Tẹ́ ẹ bá so ó bó ṣe mọ́ yín lára, rédíò á jó, dáínámò náà lè bàjẹ́.

Epo tó ti pẹ́ nínú táǹkì ti di nǹkan míì, ó ń rùn bíi fáníìṣì, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn ihò tín-tìn-tín inú kábúrétọ̀. Ẹ tú gbogbo ẹ̀ dànù. Ẹ tú kábúrétọ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àwọn jẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi wáyà irin gún wọn torí ihò yẹn á fẹ̀ sí i, epo á máa pọ̀jù. Lóòótọ́ Bertha Benz, ìyàwó Karl Benz tó ṣe mọ́tò, fi pín-ìn-nì fìlà ẹ̀ tú páìpù epo tó dí lọ́dún 1888, nígbà tóun àtàwọn ọmọ ẹ̀ méjì wa mọ́tò ọkọ ẹ̀ láti Mannheim lọ Pforzheim ní Jámánì, ó ju kìlómítà 100 lọ, ilé oògùn ló ti ra epo lọ́nà, ó sì ní kí oníbàtà bá òun kan awọ mọ́ bíréèkì. Obìnrin yẹn tó nǹkan lójú mi gan-an ni. Ṣùgbọ́n páìpù ni tiẹ̀, kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì.

Họ́ọ̀sì epo, ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀, ẹ má wò ó pé ó ṣì ń dán. Ẹ̀tánọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pò mọ́ epo òde òní ń jẹ rọ́bà àtijọ́, tí epo bá ń kán sórí ẹ́ńjìnì gbígbóná iná ló máa yọrí sí, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ J30 R9 sí lára. Ohun míì tún ni léèdì (òjé). Láti àwọn ọdún 1920 ni wọ́n ti ń po léèdì mọ́ epo, 2021 ni orílẹ̀-èdè tó gbẹ̀yìn, Àlìjíríà, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́. Léèdì yẹn ló ń dáàbò bo ìjókòó fáàfù nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì àtijọ́, nítorí náà ẹ máa wọn àlàfo fáàfù lóòrèkóòrè, tó bá ń dín kù ṣáá, ìjókòó ẹ̀ ló ń jẹ lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi onírin líle sí i.

Iná plọ́ọ̀gì ò le. Ẹ ṣí orí dísítíríbútọ̀ tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì, ẹ wo ẹnu kọ́ńtáàkì sẹ́ẹ̀tì (irin kékeré méjì inú ẹ̀ tó ń pàdé tó sì ń ṣí), tó bá ti dúdú ẹ fi sáńpépà kíkúnná nù ún, kẹ́ ẹ wọn àlàfo ẹ̀ síbi tí ìwé ọkọ̀ bá sọ, lọ́pọ̀ ọkọ̀ nǹkan bíi 0.4 mílímítà ni. Páálí ìṣáná lẹlòmíì fi ń wọ̀n ọ́n láyé àtijọ́ nígbà tí mọ́tò bá dákẹ́ lọ́nà, ó sì máa ń gbé wọn délé.

Níta gbangba ni kẹ́ ẹ ti sítáàtì ẹ̀, èéfín inú gáráàjì ń pa èèyàn láìrùn, ẹ gbé ẹ̀rọ panápaná sítòsí. Ẹ má lo táǹkì níjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi họ́ọ̀sì fa epo tó mọ́ látinú kẹ́ẹ̀gì kékeré kan. Ẹ fa ṣóòkù. Tó bá jí, á rú èéfín gan-an, ọ́ìlì tẹ́ ẹ dà sínú sìlíńdà ló ń jó, ẹ má bẹ̀rù. Ohun tójú yín máa wà lára ẹ̀ ni iná ọ́ìlì, tí ò bá kú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe ń gbóná ẹ rọra máa ti ṣóòkù padà, kẹ́ ẹ tẹ́tí. Tó bá ń dún tíkí-tíkí lókè, fáàfù ni, kì í pa mọ́tò, àmọ́ tó bá ń dún kì-kì láti ìsàlẹ̀ tó sì ń le sí i tẹ́ ẹ bá tẹná, ẹ pa á, bíárìn nìyẹn.

Jíjí ẹ̀ ò túmọ̀ sí pé ẹ lè wà á o. Bíréèkì! Ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́, páìpù kan ṣoṣo ló ń gbé omi bíréèkì lọ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó bá jò níbì kan, gbogbo ẹ̀ ló lọ. Omi bíréèkì DOT 3 àti DOT 4 sì máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, omi yẹn á mú kí inú sìlíńdà bíréèkì dógùn-ún. Ẹ tú táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ rọ́bà inú sìlíńdà bíréèkì àti họ́ọ̀sì bíréèkì. Họ́ọ̀sì yẹn máa ń wú ní inú tí ìta ẹ̀ á ṣì dáa lójú, ẹ ó rí i pé tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì tẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀, táyà ò ní fẹ́ yí mọ́, omi ti kọjá lọ kò lè padà. Ẹ fa afẹ́fẹ́ inú omi bíréèkì jáde, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látara táyà tó jìnnà jù sí pẹ́dà, àyàfi tí ìwé ọkọ̀ bá sọ ohun míì. DOT 5 kì í bá àwọn tó kù ṣe, ẹ má pò wọ́n.

Táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn kóòdù DOT lára ẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, táyà náà ti wà ṣáájú 2000, ẹ má fi rìn rárá, kódà kó ṣì ní eyín.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá bọ́ sójú ọ̀nà, ẹ wà á bí àwọn tó ni ayé yẹn ṣe ń wà á. Ẹ fi àyè gígùn sílẹ̀ níwájú. Bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù máa ń gbóná tí yóò sì gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn, nítorí náà ẹ ti jíà kékeré sí i látòkè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọdún 1950, ẹ ní láti dúró pátápátá kẹ́ ẹ tó wọ jíà àkọ́kọ́, tàbí kẹ́ ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yọ jíà, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ tẹná díẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, jíà á wọlé láìpariwo. Ó máa ń dùn mọ́ èèyàn nínú nígbà tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, jàre.

Tẹ́ ẹ bá padà dé, ẹ tún nọ́ọ̀tì táyà dì, ẹ wo ilẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ bóyá nǹkan ń kán, ẹ fọwọ́ sún mọ́ rímù kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá gbóná ju ìyókù lọ, bíréèkì ibẹ̀ ló ń di mú. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan sí i láìpẹ́, torí ìdọ̀tí tó ti sùn á ti jáde. Látìgbà náà lọ, ẹ máa wà á déédéé, ó kéré tán kó máa rìn fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan kí omi inú ọ́ìlì àti inú sàléńsà lè gbẹ tán. Kẹ́ ẹ máa sítáàtì ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì lójú kan kẹ́ ẹ sì pa á, ìyẹn burú ju kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án lọ.