Bí A Ṣe Ń Gbin Róòsì Igbó Tó Ń Gun Fẹ́ǹsì ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ń gbé ní àárín gbùngbùn tàbí ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, láti Ohio àti Indiana títí lọ dé apá kan Texas, lè ní òdòdó tí yóò bo fẹ́ǹsì ọgbà rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ra èyí tí wọ́n kó ti òkèèrè wá. Róòsì kan wà tó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ náà, tó máa ń lalẹ̀ hù létí igbó àti ní ẹ̀gbẹ́ oko. Rosa setigera ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ewéko, orúkọ tó jáde nínú ìwé André Michaux, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1803. Prairie rose ni àwọn tó ń tà á sábà máa ń pè é.

Kí a tó mú ṣọ́bìrì, ó yẹ kí a mọ ìwà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń tanná lọ́dún, ní nǹkan bí oṣù Kẹfà sí oṣù Keje, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn róòsì igbó yòókù ti tanná tán. Ewé márùn-ún péré ni òdòdó rẹ̀ ní. Pínǹkì ló máa ń jẹ́ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, yóò sì máa ṣá títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, débi pé èèyàn lè rí oríṣi àwọ̀ mẹ́ta lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó parí nìyẹn. Ẹni tó ń fẹ́ òdòdó láti ìgbà ìrúwé títí di ìgbà òtútù, tàbí tí ọgbà rẹ̀ kéré tó sì fẹ́ kí ohun gbogbo wà létòlétò, kí ó wá nǹkan mìíràn gbìn. Ní tèmi, ewé rẹ̀ tó ń pọ́n nígbà ìwọ́wé àti èso pupa rẹ̀ tí àwọn ẹyẹ ń jẹ nígbà òtútù ti tó láti mú kí n gbà á bó ṣe wà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni rírà. Róòsì igbó mìíràn wà káàkiri Amẹ́ríkà tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ rárá: Rosa multiflora, tí wọ́n kó wá láti Japan ní ọdún 1866 kí wọ́n lè máa so ẹ̀ka àwọn róòsì mìíràn mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ kí wọ́n lè hù lórí rẹ̀. Nígbà kan rí, láti àwọn ọdún 1930, ìjọba fúnra rẹ̀ ń rọ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n gbìn ín láti dá ọ̀gbàrá dúró àti láti fi ṣe ọgbà ẹran, ó sì ti gba pápá lọ́wọ́ wọn báyìí débi pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ti kà á mọ́ èpò tí òfin kò fàyè gbà. Ewé ni a fi ń dá àwọn méjèèjì mọ̀ kí wọ́n tó tanná. Ọmọ ewé mẹ́ta ló sábà máa ń wà lórí igi ewé kan lára ọmọ onílẹ̀, nígbà míì márùn-ún. Ti àjèjì sábà máa ń jẹ́ méje tàbí mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá tún wo ìdí igi ewé, níbi tó ti so mọ́ ẹ̀ka, ẹ ó rí i pé ti àjèjì ní irun wínníwínní létí bí ìpéǹpéjú, ti ọmọ onílẹ̀ kò sì ní irú rẹ̀. Òdòdó àjèjì kéré, ó sì funfun.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún àwọn tí wọ́n fi ọmọ onílẹ̀ yìí bí. Samuel Feast ti ìlú Baltimore mú Baltimore Belle jáde láti ara rẹ̀ ní ọdún 1843, àwọn èèyàn sì ṣì ń gbìn ín dòní. Òdòdó tó rẹwà ni, ṣùgbọ́n ewé inú òdòdó rẹ̀ pọ̀, ó sì ṣù, nítorí náà kì í ṣe ohun tí oyin ń wá kiri. Ẹ fi orúkọ Látìnì ọmọ onílẹ̀ náà, Rosa setigera, béèrè rẹ̀ ní nọ́sìrì tó ń ta ọ̀gbìn ilẹ̀ náà, ẹ má sì lọ wú u nínú igbó.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ni pé róòsì yìí ní akọ, ó sì ní abo, bíi ti ìbẹ́pẹ. Akọ kì í so. Abo ń so, bí akọ bá wà nítòsí tí oyin sì gbé àtíkè òdòdó láti ara rẹ̀ wá. Ó ṣòro láti fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́ abo, nítorí pé òun náà ń ní àtíkè tirẹ̀. Àtíkè náà kò kàn lè mú èso jáde ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oyin ń kó o. Bí nọ́sìrì bá gbìn ín láti inú kóró, kò sí bí olùtajà ṣe lè mọ̀ kó tó tanná. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ èso, tí ó sì ní àyè, kí ó gbin mẹ́ta, kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́jọ sáàárín wọn. Ẹni tí òdòdó nìkan bá tẹ́ lọ́rùn lè gbin ẹyọ kan.

Ibi tí oòrùn ti ń tàn fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán lójúmọ́ ló dára jù. Ó lè hù lábẹ́ ìbòòji díẹ̀, ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ yóò dínkù. Ilẹ̀ amọ̀ kò dẹ́rù bà á, bí omi kò bá ti dá rogún síbẹ̀. Bí èyí tí ẹ rà bá wá pẹ̀lú gbòǹgbò lásán láìsí ilẹ̀ lára, ẹ rẹ gbòǹgbò náà sínú omi fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ sì gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé kí ó tó rúwé; èyí tó wà nínú ìkòkò ṣe é gbìn títí di ìgbà ìwọ́wé. Ẹ jẹ́ kí kòtò fẹ̀ tó ìlọ́po méjì gbòǹgbò rẹ̀, ẹ dá ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an padà sí i, kí ẹ bomi rin ín dáadáa. Ẹ fi èèpo igi bo ilẹ̀ ní nǹkan bí ínǹṣì méjì sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí ó má kan ìdí igi. Ajílẹ̀ púpọ̀ kò wúlò fún un, ewé ni yóò kàn máa rú. Ní ọdún àkọ́kọ́, bí òjò kò bá rọ̀, ẹ máa bomi rin ín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀ka rẹ̀ lè gùn láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n kò lè lọ́ mọ́ nǹkan, kò sì ní ohun tó lè fi di ògiri mú. Ẹ̀gún rẹ̀ tó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ nìkan ló fi ń há sára igi nínú igbó. Nínú ọgbà, àwa ni a óò so ó. Aṣọ tó rọ̀ ni kí ẹ fi so ó mọ́ fẹ́ǹsì, kí ẹ sì tẹ ẹ̀ka náà sí ẹ̀gbẹ́ dípò tí ẹ ó fi jẹ́ kó nà lọ sókè tààrà, nítorí pé ẹ̀ka tó bá sùn sílẹ̀ ń yọ ọ̀mùnú lójú kọ̀ọ̀kan, ọ̀mùnú wọ̀nyí ló sì ń tanná. Ẹ má gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí àwọn ọmọdé ń gbà kọjá.

Gígé ló ń ba róòsì yìí jẹ́ jù lọ. Ẹ̀ka tó hù lọ́dún tó kọjá ló ń tanná lọ́dún yìí. Ẹni tó bá gé gbogbo rẹ̀ kúrú ní ìparí ìgbà òtútù ti gé òdòdó ọdún náà dànù. Ẹ gé e bí òdòdó bá ti rẹ̀ tán. Bí ẹ bá sì ń fẹ́ èso, ẹ má fọwọ́ kan èyí tó tanná. Àwọn ẹ̀ka tó gbó jù ni kí ẹ gé láti ìdí kí ìgbà ìrúwé tó wọlé, kí wọ́n má sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Ọ̀bọ̀n-ùn bọn-ùn ilẹ̀ Japan máa ń jẹ ewé àti òdòdó rẹ̀ nígbà ooru. Ní òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí kòkòrò náà kò tíì lè fò dáadáa, ẹ gbọ̀n ọ́n sínú korobá omi ọṣẹ. Ẹ má fín oògùn sí òdòdó tó là, oyin ni yóò pa. Bí ẹ bá rí multiflora nítòsí tí ẹ̀ka rẹ̀ pọ́n, tó ṣù bí ọwọ̀, tí ẹ̀gún sì pọ̀ lára rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àìsàn tí kòkòrò tíntìntín kan ń gbé kiri ni. Ẹ wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí ẹ dì í sínú àpò, kí ẹ sì kó o dànù.

Láti bí i sí i, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ tẹ orí ẹ̀ka kan mọ́ ilẹ̀ nígbà ooru, kí ẹ bò ó ní ilẹ̀ ínǹṣì mẹ́ta, kí ẹ sì gbé òkúta lé e. Yóò ta gbòǹgbò, a ó sì gé e kúrò lára ìyá rẹ̀ ní ìgbà ìrúwé tó tẹ̀ lé e. Akọ tàbí abo tí ìyá náà jẹ́ lòun náà yóò jẹ́. Kóró ń fẹ́ òtútù kó tó hù. Ẹ fọ ẹran ara èso náà kúrò lára kóró, ẹ kó kóró sínú yanrìn tútù nínú fìríìjì fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, tàbí kí ẹ gbìn ín síta nígbà ìwọ́wé kí òtútù fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ náà.