Bí a ṣe ń ṣètò laptop tuntun, àti bí a ṣe ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ iná àti ooru

Owó laptop ti kúrò ní owó kékeré. Àgbẹ̀ tó ta kòkó kó lè ra ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, kò rò pé òun yóò tún ra òmíràn kí ọmọ náà tó jáde. Olùkọ́ tó fi owó àjọ rà á ní Oǹdó náà kò rò bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ laptop ni wọn kì í tíì lò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Tí ẹ bá wádìí ohun tó ṣe é, ẹ ó rí i pé kì í sábà jẹ́ ìlò ló bà á jẹ́. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni, tàbí ooru, tàbí ohun kan tí ẹni tó ni ín kò ṣe lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tàn án. Ìdí nìyí tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, kí a tó dé ilé. Windows 11 ni mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ laptop tuntun tí wọ́n ń tà ní Àkúrẹ́ níbí.

Ní ṣọ́ọ̀bù

Ì báà jẹ́ Òpópónà Ọba Adésidà ni ẹ ti ń rà á, ì báà jẹ́ ẹnu géètì FUTA, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú páálí rẹ̀ lójú yín. Nọ́ńbà kan wà lára páálí náà tí wọ́n kọ S/N síwájú rẹ̀. Irú nọ́ńbà yẹn wà lábẹ́ laptop fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Kí ẹni tó ń tà á kọ ọ́ sára rìsíìtì, torí rìsíìtì tí kò ní nọ́ńbà kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lo wáráńtì. Páálí náà, ẹ má jù ú nù.

Lára páálí yìí kan náà ni ẹ ó ti rí iye RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àti irú ibi ìpamọ́ tó ní. Ní tèmi, n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra èyí tí RAM rẹ̀ kò tó 8GB lásìkò yìí. Kí ibi ìpamọ́ rẹ̀ sì jẹ́ SSD. Hard disk àtijọ́ ní àwo tó ń yí nínú, bí ọkọ̀ bá ń já sí kòtò nígbà tó wà lórí itan yín tó ń ṣiṣẹ́, ó lè ha. SSD kò ní ohun tó ń yí rárá.

Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ ni agbára yín ká, kò sí àbùkù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun méjì. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 parí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ laptop tí Intel (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) inú rẹ̀ kò tó ìran kẹjọ kò sí lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí fún Windows 11. Ẹ béèrè ìran tó jẹ́ kí ẹ tó na owó. Èkejì ni bátìrì. Ẹ ṣí Command Prompt, ìyẹn ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, yóò sọ ibi tó tọ́jú àbájáde rẹ̀ sí. Ẹ ṣí i, ẹ wá Design Capacity, ìyẹn iye agbára tí bátìrì ní nígbà tó jáde nílé iṣẹ́, àti Full Charge Capacity, iye tó lè gbà báyìí. Bí èkejì kò bá ju ìdajì àkọ́kọ́ lọ, ẹ fi owó bátìrì tuntun kún iye tí ẹ fẹ́ rà á, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù rèé: tí wọ́n bá ti tàn án tí ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n pa á padà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ímeèlì tirẹ̀ bá yín ṣètò rẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúàbí tó. Windows 11 sábà máa ń ti gbogbo ohun tó wà nínú laptop pa ní kété tí èèyàn bá fi àkántì Microsoft wọlé, kí olè tó bá gbé e má baà rí fáìlì yín kà. Kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣí i jẹ́ nọ́ńbà gígùn kan tó ní ẹyọ 48, inú àkántì tí ẹ fi wọlé yẹn ló sì ń lọ jókòó sí. Bó bá jẹ́ àkántì ọmọ ṣọ́ọ̀bù ni, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé yín wà. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn àtúnṣe kékeré, laptop lè béèrè nọ́ńbà yẹn. Ẹni tí kò bá rí i mú jáde ti pàdánù gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Microsoft fúnra wọn kò lè bá yín ṣí i.

Ìṣètò nílé

Ẹ wá ìgbà tí iná wà, tàbí tí inverter kún. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́. Àwọn kan yóò ní kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ kí ẹ tó tàn án. Ìmọ̀ràn bátìrì oní-nickel ayé àtijọ́ nìyẹn. Lithium ló wà nínú laptop òde òní, kò nílò rẹ̀. Kó ti tó ìdajì ti tó.

Ẹ tan hotspot fóònù yín, kí ẹ sì gbé ìwé àti báírò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí laptop bá béèrè orílẹ̀-èdè, ẹ mú Nigeria. Fún kíbọ́ọ̀dù, US ló bá ohun tó wà lójú ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà níbí mu. Tó bá kan àkántì, ímeèlì tiyín ni, èyí tí ẹ ṣì ń wọ̀, tí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò tíì sọnù. Ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú ìwé, kí ìwé náà má sì bá laptop gbé inú báàgì kan náà. Lẹ́yìn èyí ni yóò ní kí ẹ dá PIN. Ẹ má lo ọjọ́ ìbí yín. Àwọn ìbéèrè nípa ìpolówó tí yóò tẹ̀ lé e, ẹ lè sọ pé rárá sí gbogbo wọn. Èyí tó ń wá laptop bó bá sọnù ni kí ẹ gbà.

Nígbà tí ẹ bá ti wọlé, ẹ lọ sí account.microsoft.com/devices/recoverykey lórí fóònù yín, ẹ da nọ́ńbà 48 yẹn kọ sínú ìwé. Mo mọ̀ pé ó gùn. Ẹ kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, Windows Update. Àwọn àtúnṣe àkọ́kọ́ máa ń jẹ dátà gan-an, ó lè ju gígábáìtì mélòó kan lọ. Ẹni tó ní dátà òru, òru ni kó ṣe é. Ẹni tí kò tíì ṣe tán, kó lọ sínú Settings, kó wá Wi-Fi tó ń lò, kó tan Metered connection, kí Windows má baà fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ dátà rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àtúnṣe náà sílẹ̀ títí lọ, torí ibẹ̀ ni ààbò ti ń wá. Bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe pa laptop láàárín.

Windows Security, ètò ààbò tó bá a wá, ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Antivirus tí wọ́n ní ẹ lò lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù kan kí ẹ tó máa sanwó, ẹ yọ ọ́. Ẹ má gba Office, ohun èlò ìkọ̀wé Microsoft, tí wọn kò sanwó rẹ̀, láti inú flash ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé. LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì lè kọ iṣẹ́ iléèwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yin tó bá ń kọ Yorùbá, ẹ fi Keyman sí i, ọ̀fẹ́ ni òun náà, kí ẹ lè fi àmì ohùn àti ìdí lẹ́tà sí ọ̀rọ̀ yín bó ṣe yẹ. Ó dùn mí púpọ̀ tí mo bá rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ wọn láìsí àmì kankan, nígbà tí irinṣẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀.

Iná

Ẹ wo ara ṣájà yín, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ 100–240V síbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iná tó rẹlẹ̀, tí gílóòbù ń pọ́n wẹ̀ẹ̀, kì í sábà ṣe é ní nǹkan. Ohun tó ń ṣe é ni ìgbà tí wọ́n bá múná lọ tí wọ́n tún mú un dé lójijì. Iná lè wọlé pẹ̀lú agbára tó ju 240 lọ fíìfíì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìwọ̀nba yẹn sì tó láti jó ṣájà. Nígbà mìíràn kì í dúró lórí ṣájà nìkan, á wọ inú bọ́ọ̀dù laptop.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ti múná lọ, ẹ fa ṣájà yọ. Laptop ní bátìrì tirẹ̀, iṣẹ́ yín kò ní dúró. Tí wọ́n bá múná dé, ẹ jẹ́ kó dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó ki í bọ̀ ọ́. Ẹ ra extension tó ní surge protector nínú, ìyẹn ohun tó ń dènà iná tó bá wọlé lójijì pẹ̀lú agbára jù, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé ó kọ ọ́ sí i lára ní tòótọ́, torí extension lásán kò dènà ohunkóhun. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré ni, ẹ tàn án, kí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ kí ẹ tó so laptop mọ́ ọn. Bí epo bá sì fẹ́ tán, ẹ yọ laptop kúrò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Lásìkò òjò, bí àrá bá ti ń sán, ẹ yọ gbogbo wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri.

Ti bátìrì kò le. Kí ó máa kún fọ́fọ́ nígbà gbogbo, kí ara rẹ̀ sì gbóná, ló ń tètè sọ ọ́ di arúgbó. Ẹni tó ní inverter tàbí tó ń lò ó ní ọ́fíìsì ní Alágbàká, tí kì í yọ ṣájà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kó lọ fi ààlà 80% sí i kó má baà kún ju bẹ́ẹ̀ lọ: áàpù Lenovo Vantage tàbí MyASUS ló ń ṣe é fún àwọn tó ní irú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí iná rẹ̀ kì í ju wákàtí díẹ̀ lọ lójúmọ́, kó jẹ́ kó kún. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe nínú òkùnkùn ju ọjọ́ orí bátìrì lọ. Kó má ṣáà máa kú pátápátá ní gbogbo ìgbà. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ fi sílẹ̀ ní ìdajì.

Ooru, eruku àti omi

Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wà lábẹ́ laptop tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì àti tìmùtìmù ń dí i. Kí ó wà lórí tábìlì. Ẹ má ṣe tì í sínú báàgì nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lójú oòrùn ní Ọjà Ọba. Nígbà ọyẹ́, eruku á wọ inú fáànù rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé fáànù ń pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣí i gbọ̀n ọ́n. Aṣọ gbígbẹ tó fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi nu ojú rẹ̀. Kí ẹ tó pa á dé, ẹ wo orí kíbọ́ọ̀dù: báírò kan péré lè fọ́ ojú rẹ̀. Ẹ má sì jẹun lé e lórí, èèrà á tọ èérún wọ inú rẹ̀.

Bí omi tàbí tíì bá dà sí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Ẹ fa ṣájà yọ. Ẹ ṣí i, kí ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ bí òrùlé ilé, kí omi lè ro jáde. Ẹ má tàn án wò, ó ti wù kí ara yín má balẹ̀ tó. Iná tó bá pàdé omi ló ń jó bọ́ọ̀dù. Ìrẹsì kò lè fà á gbẹ. Kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe lọ́jọ́ náà, pàápàá tó bá jẹ́ tíì oníṣúgà.

Fáìlì yín

Flash tó ti wọ kọ̀ǹpútà ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní ẹnu géètì iléèwé, ẹ má ṣí i lásán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún, kí Windows Security yẹ̀ ẹ́ wò. Bí gbogbo fódà inú rẹ̀ bá ti di shortcut, ẹ má tẹ ìkankan nínú wọn. Fún títẹ̀wé, ẹ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí wọn nípasẹ̀ ímeèlì bó bá ṣeé ṣe.

Ohun tó bá ṣe iyebíye sí yín gbọ́dọ̀ wà níbi mìíràn yàtọ̀ sí inú laptop. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Google Drive ń fúnni ní ibi ìpamọ́ 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, OneDrive 5GB. Iṣẹ́ àṣekágbá àti lẹ́tà ìwáṣẹ́ kì í kún ibẹ̀. Fọ́tò àti fídíò, ẹ ra hard disk àgbéká fún wọn, kó má sì bá laptop gbé inú yàrá kan náà.

Bó bá bàjẹ́ nígbà tí wáráńtì ṣì ń bẹ, ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún yín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ pẹ̀lú rìsíìtì àti páálí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tíì fi skrudíráfà kàn án. Bí ẹ bá sì gbé e fún oníṣẹ́ ìta, ẹ kó fáìlì yín kúrò nínú rẹ̀ ná, ẹ yọ báńkì àti ímeèlì yín kúrò lórí bíráósà, kí ẹ sì kọ S/N rẹ̀ sínú ìwé tó bá fún yín.