Wọ́n ti gbẹ́ ihò etí yín fẹ̀: ẹ má fọwọ́ ara yín dí i padà

Ẹni tí ihò etí rẹ̀ há máa ń rò pé bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ tán, wàhálà ti tán nìyẹn. Ihò etí àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ́hùn-ún ló jẹ́ egungun, awọ tó bò ó sì fẹ́lẹ́. Dókítà á gbẹ́ egungun yẹn fẹ̀, á tẹ́ awọ lé e padà. Egbò inú ihò róbótó lẹ gbé wálé yẹn o, bẹ́ẹ̀ egbò kì í mọ̀ pé ihò yẹ kó wà níbẹ̀. Ó kàn fẹ́ dí ni.

Àṣìṣe tó ń bí mi nínú jù ni kéèyàn fa òwú tí dókítà kì sínú etí yọ. “Mi ò gbọ́ràn dáadáa mọ́,” ni wọ́n á wí. Báwo lẹ ṣe máa gbọ́ràn nígbà tí òwú dí etí? Òun ló di awọ mú mọ́ egungun. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, dókítà ló sì ń yọ ọ́.

Omi tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ń wẹ̀, ẹ fi Vaseline ra òwú, kí ẹ fi dí ẹnu etí. Ẹ ní kí onídìrí má fọ orí yín fúngbà díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àlùwàlá, ẹ má ti ìka tútù bọ etí náà. Ẹ bi àáfà yín léèrè ohun tí aláìsàn ń ṣe.

Ẹ sọ ìyẹ́ adìẹ, ìṣáná àti àdín nù. Etí ríro lójoojúmọ́ máa ń ṣí awọ etí sílẹ̀ fún kòkòrò, etí tó sì ń tú léraléra lè há.

Àwọn kan kì í padà lọ fún àyẹ̀wò nítorí pé kò dùn wọ́n mọ́. Ihò lè há láìsí ìrora rárá. Ṣùgbọ́n bí ojú yín bá wọ́ sápá kan, bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí tí etí ń rùn, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.

Ti ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ihò etí tó há yàtọ̀. Ẹ má fi ipá bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ lọ́mọ jòjòló. Wọ́n sábà máa ń dúró títí á fi tó nǹkan bí ọdún 5 tàbí 6. Àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ni kì í dúró, nítorí ó máa ń ṣòro fún ọmọ tí kò gbọ́ràn láti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó ń gba egungun orí kọjá sì wà fún un.