Bí mo ṣe wọn ìnira páìpù kí a tó ra pọ́ǹpù pisínì ní Àjàṣẹ́

Pọ́ǹpù pisínì jóná ní ilé àlejò ẹ̀gbọ́n mi lápá Wandó, ni wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ra èyí tó ní agbára ẹṣin méjì, kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wo páìpù ná.” Wọ́n ní, “Páìpù kẹ̀? Ṣé páìpù ló jóná ni?”

Pisínì náà gùn ní mítà 8, ó fẹ̀ ní 4, jíjìn rẹ̀ sì tó 1.5. Omi inú rẹ̀ jẹ́ mítà kúbíìkì 48. Kí gbogbo rẹ̀ tó lè gba inú àsẹ́ kọjá láàárín wákàtí 6, mítà kúbíìkì 8 ni pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ máa gbé ní wákàtí kan. Ìyẹn ò le.

Páìpù gan-an niṣẹ́ wà. Inú pisínì ni omi ti ń jáde, inú rẹ̀ náà ló ń padà sí, nítorí náà kì í ṣe gíga ni pọ́ǹpù ń bá jà. Ara páìpù tí omi ń ha kọjá ni, àti ìgbọ̀nwọ́, fáàfù, pẹ̀lú yanrìn inú àsẹ́. Mo fi téèpù wọn páìpù 50 mm náà lálọ lábọ̀, ó jẹ́ mítà 45. Ìgbọ̀nwọ́ 14 ló wà lára rẹ̀ (ẹni tó ṣe é fẹ́ràn kọ̀rọ̀ o!), ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ni omi lára tó páìpù gbọọrọ mítà kan àbọ̀. Ó di mítà 66. Bí omi bá ń lọ ní 8, ìnira rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 3 (mítà la fi ń wọn ìnira, bí ẹni pé pọ́ǹpù ń gbé omi ga tó bẹ́ẹ̀). Mo fi 4 kún un fún àsẹ́, 1 fún fáàfù àti apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, mo tún fi 2 sílẹ̀ de eruku ọyẹ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 10. Ká ní 63 mm ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni, ti páìpù ì bá máà ju mítà 1 lọ.

Bí omi bá di ìlọ́po méjì, ìnira á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹṣin méjì yẹn á kàn máa jẹ iná ni, á sì máa ti ìdọ̀tí gba àárín yanrìn padà sínú pisínì.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mítà kúbíìkì 15 ní wákàtí kan ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí, àmọ́ ìgbà tí ìnira ò tó nǹkan nìyẹn. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé rẹ̀, mo fi ìka tọ ìlà tó ń dà wálẹ̀, tó ń fi hàn bí omi ṣe ń dín kù bí ìnira bá ń pọ̀ sí i, títí dé ibi mítà 10: ó lé díẹ̀ ní 8. Ìdajì ẹṣin péré ni pọ́ǹpù ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n wo ojú mi, wọ́n sanwó.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, aago ara àsẹ́ tó ń wọn ipá omi ka 0.6 bar, èyí tí mo fi sí ẹnu ibi tó ti ń fa omi ka 0.2. Mo ro méjèèjì pọ̀, ó di 0.8. Bar 1 tó nǹkan bíi mítà 10, nítorí náà mítà 8 la wà. Mo fa ìlà pupa sí 1 bar lójú aago àsẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ti débẹ̀, kí ọmọ tó ń tọ́jú pisínì yí omi padà láti ìsàlẹ̀ yanrìn, títí èyí tó ń dà síta á fi mọ́.